Kí Ẹ Tó Yan Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ẹ Ó Ti Kọ́ Iṣẹ́ Ìròyìn

Ní gbogbo ìgbà tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde ni ìbéèrè kan máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ mi: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ di akọ̀ròyìn. Yunifásítì wo ló dára jù?" Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi orúkọ méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́, wọn a ní kí n ṣáà bá wọn mú ọ̀kan. Mo mọ ohun tí ó wà nídìí ìbéèrè náà. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin, owó tí bàbá àti ìyá yóò ná sí i kì í sì í ṣe owó tí ẹnikẹ́ni rí he lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò yẹ ẹ́, ó lè jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí tí a kọ ìròyìn sí lára, láìsí ìròyìn kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ kọ tí ẹnikẹ́ni kà rí.

Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí lọ́sẹ̀ yìí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á bi ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn ni pé: iṣẹ́ wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ṣe jáde, ta ni ó sì ń kà á? Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ máa ń wo aṣọ tí ọ̀gá náà àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ rán kí ó tó san owó ìkọ́ṣẹ́. Kì í wo pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù nìkan kí ó wá yọwó. N kò rí ìdí tí ti ìròyìn yóò fi yàtọ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn pàápàá dàgbà ju ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ ní ilẹ̀ wa. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, nígbà tí kò tíì sí yunifásítì kankan ní gbogbo agbègbè tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ. Babatunde Jose, tí ó di ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ Daily Times, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni ó bá wọ ibẹ̀ ní 1941. Ó di 1961 kí Yunifásítì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn, Yunifásítì Èkó sì tẹ̀ lé e ní 1966. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ wà fún ni láti fi ọdún díẹ̀ kọ́ ọmọ ní ohun tí ibi-iṣẹ́ ìbá fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ, kí ó sì fi òfin àti ìlànà kún un. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan kò bá fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ṣe, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ayé Jose sàn jù ú lọ. Ó kéré tán, òun ń gbóòórùn tàdáwà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí ó ń da ọkàn ọ̀pọ̀ rú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Mass Communication ni ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń pe gbogbo rẹ̀: ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, ìpolówó ọjà, àti iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe agbẹnusọ fún ilé-iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kan. NUC, àjọ tí ń mójú tó àwọn yunifásítì, ti wá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pín ẹrù náà sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí Journalism and Media Studies fi lè dá dúró fún ara rẹ̀, tí Broadcasting, Public Relations àti Advertising náà sì lè dá dúró. Àwọn yunifásítì kan ti bá ìpínyà náà lọ, àwọn mìíràn ṣì di orúkọ àtijọ́ mú. Ìbàdàn ní tirẹ̀ ní ẹ̀ka tí a ń pè ní Communication and Language Arts, tí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn pé èdè kò gbẹ́yìn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ láti ọdún kìn-ín-ní títí dé ọdún kẹrin, kí ẹ sì ka iye ibi tí ìròyìn kíkọ, iṣẹ́ olóòtú, ìwádìí àti òfin ti jẹyọ. Mo ti rí èyí tí ìpolówó ọjà gba ìdajì rẹ̀. Kò burú fún ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìpolówó.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìfọwọ́sí. Bí NUC bá yẹ ẹ̀kọ́ kan wò tí ó yege dáadáa, ọdún márùn-ún ni ìfọwọ́sí náà yóò lò kí wọ́n tó padà wá. Bí ó bá ku díẹ̀ káàtó, ọdún méjì péré ni wọn yóò fún un láti fi tún ara rẹ̀ ṣe. NBTE ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ìyẹn àwọn pólì. Ohun tí ó yẹ kí ẹ wò ni ìfọwọ́sí ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe ti yunifásítì lápapọ̀, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ lè lókìkí nínú ìmọ̀ ìṣègùn kí ẹ̀ka ìròyìn rẹ̀ má tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá parí ẹ̀kọ́ tí kò ní ìfọwọ́sí, ẹnu ọ̀nà àgùnbánirọ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ tún yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wò fún àwọn iṣẹ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀, nítorí ó yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì. Kò sí èyí tí kì í béèrè èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan a tún fi lítíréṣọ̀ kún un.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé: yunifásítì ni tàbí pólì? Yunifásítì a máa gba ọdún mẹ́rin, bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Pólì ní tirẹ̀, ọdún méjì ni fún ND, ọdún kan fún ìkọ́ṣẹ́ níta, lẹ́yìn náà ọdún méjì mìíràn fún HND. NIJ tí ó wà ní Ògbà, ní Èkó, irú ìwé-ẹ̀rí ti pólì yìí ni òun náà ń fúnni, iṣẹ́ ìròyìn ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ fún. Kí n má tàn yín: ìyà ṣì ń jẹ ẹni tí ó ní HND ní ọ̀pọ̀ ibi-iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ yìí. Ìgbéga rẹ̀ a máa ní òpin tí ti ẹni tí ó ní dìgírì kò ní, bí ó bá sì fẹ́ kàwé sí i, wọ́n sábà máa ń ní kí ó kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí kan sí i kí ó tó lè ṣe másítà. Ìwà àìdáa gbáà ni. Ṣùgbọ́n nínú yàrá ìròyìn, olóòtú tí ó ń retí ìròyìn yín ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í bèèrè èwo ni ẹ ní nínú méjèèjì.

Ọmọ àǹtí mi kan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ti mú yunifásítì kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ọmọ náà ní tirẹ̀ ti ń gbúròó pólì kan tí kò jìnnà sílé wọn. Àwọn Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà, mo sì rò pé ẹni tí ó fẹ́ fi ìròyìn ṣiṣẹ́ ṣe ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba òwe náà gbọ́. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ bá lọ sí ibi méjèèjì.

Ní yunifásítì, wọ́n gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Ilé náà ga, ó mọ́, wọ́n sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti kámẹ́rà tí a fi ọ̀rá bò hàn wá. Nígbà tí ọmọ náà bèèrè ìwé ìròyìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀, akọ̀wé ẹ̀ka náà wá a fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó mú ẹ̀dà kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dára lójú, àwọ̀ mèremère sì wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ti kọjá lórí déètì tí ó wà lókè rẹ̀. Ìròyìn iwájú rẹ̀ ni pé ọ̀gá àgbà yunifásítì náà gba àlejò.

Ní pólì, yàrá kékeré kan ni a bá, fáànù kan ṣoṣo ni ó ń yí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tàbí méje pé lé kọ̀ǹpútà méjì lórí, wọ́n ń jiyàn nípa àkọlé. Ojú-ewé mẹ́jọ ni ìwé ìròyìn wọn, dúdú òun funfun. Ìròyìn tí wọ́n ń jà lé lórí ni ti ẹ̀rọ omi kan tí ó bàjẹ́ ní ilé ibùgbé àwọn obìnrin. Wọ́n ti ka iye ọ̀sẹ̀ tí omi kò fi wá, wọ́n ti bá ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó kù ni bóyá kí wọ́n dárúkọ ọ́fíìsì tí owó náà gbà kọjá. Olùkọ́ wọn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò dá sí i, àyàfi ìgbà kan tí ó ní, "Ṣé ẹ ti fún ọ́fíìsì náà láyè láti fèsì?" Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó gbé fóònù rẹ̀, ó jáde.

Ní ojú tèmi, ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ju ọ̀pọ̀ wákàtí nínú gbọ̀ngàn lọ. Ọmọ àǹtí mi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò sì jẹ̀bi láti bẹ̀rù HND, nítorí ojú rẹ̀ ti rí i lára àbúrò òun fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n fàbọ̀ sí ni pé kí ó ṣe ND ní pólì náà, kí ó sì fi èsì rẹ̀ wá àyè sí ọdún kejì ní yunifásítì nípasẹ̀ Direct Entry. Ọ̀nà náà wà, ọ̀pọ̀ ń tọ̀ ọ́, bí èsì ND náà bá ṣáà ti dára tó. Ó tún ní àǹfààní kan tí àwọn òbí kì í kà sí: bí owó bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé-ẹ̀rí kan ti wà nílẹ̀.

Kì í ṣe pé mo ń sọ pé pólì dára ju yunifásítì lọ o. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí àkọlé ni mo ní kí ẹ wá, ibikíbi tí ó bá wà.

Rédíò náà ní irú ìdánwò tirẹ̀. Yunifásítì Èkó ní ilé-iṣẹ́ rédíò lórí 103.1 FM, ti Ìbàdàn ni Diamond FM lórí 101.1, LASU wà lórí 95.7. Inú ìwé ìpolówó ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹ ó ti rí irú àwọn nọ́ńbà báyìí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò sọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí rédíò ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò bá ń dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ tẹ́tí sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ka ìròyìn, àbí òṣìṣẹ́ tí a gbà? Ṣé ìròyìn tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn wá ni, àbí èyí tí wọ́n kà láti inú ìwé ìròyìn àná? Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì débi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà títí tí ó fi wọ ọdún kẹrin, ìtàn nípa rédíò ni ó kọ́, kò kọ́ rédíò.

Apá kan wà tí ibi-iṣẹ́ kì í sábà ní àkókò láti kọ́ni dáadáa, tí ó sì yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ fi tayọ. Òfin ni. Láti 2011 ni a ti ní Òfin Òmìnira Ìròyìn, tí ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, ọjọ́ méje ni òfin náà sì fún wọn láti fi dáhùn. Láti 2015 ni a sì ti ní òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tún ṣe ní 2024 lẹ́yìn tí wọ́n ti fi gbé ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn. Akọ̀ròyìn tí kò mọ ti àkọ́kọ́ yóò máa jókòó retí kí ẹnì kan fi ojú rere fún òun ní ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Èyí tí kò mọ ti èkejì lè sun àgọ́ ọlọ́pàá nítorí gbólóhùn kan tí ìbá tún tò kí ó tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ẹ bá lọ wo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bi wọ́n bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ti fi òfin 2011 yẹn kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba kankan rí. Ẹ wo ojú ẹni tí ẹ bi.

Lórí àwọn olùkọ́, n kò ní sọ púpọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò ṣiṣẹ́ nílé ìròyìn rí wúlò fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kò sì yẹ kí á máa fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ó kàn yẹ kí ẹnì kan tàbí méjì wà láàárín wọn tí olóòtú ti dá ìròyìn rẹ̀ padà rí.

Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ wà náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tí ó bá wà ní Èkó wà nítòsí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n, ó lè jáde ní kíláàsì ní ọ̀sán kí ó sì dé yàrá ìròyìn kí ilẹ̀ tó ṣú, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà fún un. Ìbàdàn ni Nigerian Tribune wà láti 1949, ibẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú fojú pa ìlú kékeré rẹ́. Ní Èkó, akọ̀ròyìn ogún lè pé jọ síwájú gómìnà kan, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò sì dúró sẹ́yìn pátápátá. Ní ìlú kékeré, ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe ìpàdé lórí owó ọdún kan kí ẹyọ akọ̀ròyìn kan má sí níbẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ ń jókòó, ọjà ń jóná, ilé-ìwòsàn kò ní oògùn, kò sí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ jókòó níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́ta yóò jáde pẹ̀lú ìròyìn tí ẹlòmíràn kò ní.

Ẹ wá jẹ́ kí n dé ibi tí bàtà ti ń ta èmi gan-an lẹ́sẹ̀, ìyẹn èdè. Ẹ̀kọ́ Yorùbá ni mo kà jáde ní yunifásítì, òun náà ni mo sì fi ń jẹun títí di òní: mo ń kọ, mo ń túmọ̀, mo ń tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe. Iṣẹ́ wà. Aláròyé tí Aláò Adédayọ̀ ń ṣe ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti 1996, BBC bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka Yorùbá rẹ̀ ní 2018, kò sì sí ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí rédíò rẹ̀ kì í ka ìròyìn lédè wa. Síbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn wa. Akẹ́kọ̀ọ́ a jáde, rédíò ìpínlẹ̀ rẹ̀ a gbà á, wọn a sì gbé ìròyìn Yorùbá lé e lọ́wọ́, òun a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ bí ẹni wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà èdè nìkan. Ẹ wo àkọlé yìí tí a kọ láìsí àmì ohùn: *Oko pa iyawo*. Bí ó bá jẹ́ *ọkọ̀*, mọ́tò ni ó gba ẹ̀mí obìnrin náà. Bí ó bá jẹ́ *ọkọ*, ẹ ti pe ọkùnrin kan ní apànìyàn, agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò sì kàn sí yín láàárọ̀ ọ̀la. Àwọn tí wọ́n mọ èyí kọ kò pọ̀, àwọn olóòtú sì ń wá wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan ilé-ẹ̀kọ́, ẹ béèrè bóyá wọn yóò gbà yín láyè láti mú iṣẹ́ Yorùbá mọ́ ti ìròyìn. Ibi tí ẹ̀ka ìmọ̀ èdè Yorùbá bá wà nínú yunifásítì kan náà, bí ó ti wà ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹni wà níbẹ̀ tí ẹ lè tọ̀ lọ, kódà bí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀ka ìròyìn.

Owó ńkọ́? Ìrìn tí ó gún ni. Iṣẹ́ ìròyìn kì í sábà sanwó púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì wà tí wọ́n máa ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù. Ó yẹ kí àwọn òbí mọ èyí kí wọ́n tó ta ilẹ̀ nítorí yunifásítì aládàáni olówó gọbọi. Ní ọwọ́ kejì, ẹ̀rù tí ń ba wọ́n nípa ti ìjọba kì í ṣe àsọdùn: ní 2022, ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kò sì parí títí di oṣù kẹwàá. Ọmọ tí ó yẹ kí ó parí lọ́dún mẹ́rin a di ẹni ọdún márùn-ún. Láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó nípasẹ̀ NELFUND, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni ó wà fún. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má ṣe san owó tí owó oṣù akọ̀ròyìn kò lè dá padà, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé ilé gíga àti kámẹ́rà inú ọ̀rá ni ẹ ń sanwó fún. Àwọn kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń ṣe dáadáa, mo mọ̀. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi àwọn náà: iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín dà?

Ẹ̀yin tí JAMB sì ti fún ní ẹ̀kọ́ mìíràn, ẹ máà rò pé ilẹ̀kùn ti tì. Fisayo Soyombo, tí ó fi ara rẹ̀ wọ àtìmọ́lé ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí ní 2019 láti lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìmọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ni ó kà ní Ìbàdàn. Ní yunifásítì náà, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ wà, inú rẹ̀ sì ni ọmọ ẹ̀ka òfin, ti iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń pàdé. Ẹgbẹ́ irú èyí ni kí ẹ wá ní ilé-ẹ̀kọ́ tiyín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé. Bí ẹ bá jáde tán, ìwé-ẹ̀rí ọdún kan lẹ́yìn dìgírì wà ní NIJ àti ní àwọn yunifásítì kan, tí yóò fún yín ní òfin àti ìlànà tí ẹ kò kà tẹ́lẹ̀.

Kí fọ́ọ̀mù tó jáde, àyè ṣì wà fún iṣẹ́ kékeré kan. Ẹ lọ sí ọjà tí ó súnmọ́ yín jù, kí ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà lóòjọ́, ẹni tí ń gbà á, àti ìwé tí wọ́n fi ń gbà á. Ẹ bá ìyálọ́jà mẹ́ta sọ̀rọ̀, ẹ bá ẹni tí ń gba owó náà sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ojú-ewé méjì. Ẹ mú un dání lọ sí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wò, kí ẹ sì bẹ olùkọ́ kan níbẹ̀ kí ó bá yín kà á. Àwọn kan yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ wọlé ná. Ẹni tí ó bá mú bírò, tí ó fa igi sí gbólóhùn àkọ́kọ́ yín, tí ó sì bi yín pé ta ni ó sọ èyí fún yín, ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.